Ọmọ Kan, Ẹgbẹ́ Méjì: Ẹ̀tọ́ Ọmọdé nínú Bọ́ọ̀lù Ilé-ìwé

Òwe kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Èkó sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Bí ọjà ńlá ti rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọlé, ọ̀pọ̀ ń jáde. Bí ibà bá dá ìyá alátá kan dúró sílé, ata kò ní tìtorí rẹ̀ wọ́n. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá péré ni, bí ẹnì kan kò bá sì wá, gbogbo ọgbà ni yóò mọ̀. Láti inú kíkéré iye yìí ni àríyànjiyàn kan ti ṣẹ̀ tí kò tí ì tán láàrin àwọn olùkọ́. Bí ilé-ìwé bá ní ẹgbẹ́ kékeré àti ẹgbẹ́ àgbà, tí ọmọ kan tí kò tí ì dàgbà sì mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ méjèèjì fi ń fẹ́ ẹ, èwo ni ó ní ẹ̀tọ́ láti gbá fún? Ṣé ọ̀kan ni, tàbí méjèèjì? Bí ó bá gòkè, ǹjẹ́ ó tún lè sọ̀ kalẹ̀? Ta ni ó sì ní àṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ní agbègbè tí Ọ̀yìngbò wà. Láti Ẹbúté-Mẹ́ta dé Yábàá, láti Yábàá dé Àkọkà àti Sùúrùlérè, ilẹ̀ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ni. Ní Ẹbúté-Mẹ́ta, lójú ọ̀nà Àpápá, ni St. Finbarr's College ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956 lábẹ́ Fadá Denis Slattery, àlùfáà ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Ireland tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ rẹfirí, kí ilé-ìwé náà tó kó lọ sí Àkọkà. Igbobi College, tí ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, kò jìnnà síbẹ̀. Ní Yábàá ni Haruna Ilerika ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé girama Zumratul Islamiyyah kí orúkọ rẹ̀ tó tàn ká nínú ẹgbẹ́ Stationery Stores. Ìdíje tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Principals' Cup, tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní Zard Cup. Ní ọjọ́ àṣekágbá ìdíje yìí ní pápá ìṣeré Oníkàn, ẹni tí kò ní ọmọ ní ilé-ìwé kankan pàápàá a máa pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé.

Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí olùkọ́ tí ó ń bójú tó eré ìdárayá, ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní gémù másítà, máa wo ọmọ JSS 2 pẹ̀lú ojú tí ó yẹ kí ó fi wo ọmọ SS 3. Àpẹẹrẹ tí yóò sì tọ́ka sí kò jìnnà. Nígbà tí Nàìjíríà fi àmì ayò mẹ́ta sí òdo borí Algeria ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, tí ó sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Henry Nwosu, ọmọ St. Finbarr's, ni ó kéré jù lọ nínú ẹgbẹ́ náà. Nduka Ugbade ṣe olórí ikọ̀ àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 16 lọ tí ó gba ife àgbáyé ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1985. Ó wà nínú ikọ̀ àwọn tí kò ju ọdún 20 lọ ní ọdún 1989. Ó sì wà nínú ikọ̀ àgbà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia ní ọdún 1994. Ta ni yóò wá sọ pé kí ọmọ má gòkè?

Àpẹẹrẹ wọ̀nyí tọ̀nà, ṣùgbọ́n apá kan ìtàn ni. Àwọn tí ó gòkè tí wọ́n sì dé ibi gíga ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó pé ọdún 16 kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a lé kúrò nínú ẹgbẹ́ kékeré nítorí pé irawọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣe òfin, àwọn méjèèjì yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí.

Ó tún yẹ kí a rántí bí àkàsọ̀ náà ti gùn tó. Ọmọ lè gbá fún kíláàsì rẹ̀, kí ó gbá fún ilé rẹ̀, ìyẹn ilé pupa tàbí ilé aláwọ̀ ewé tí a pín wọn sí fún ìdíje ilé-sí-ilé, kí ó tún gbá fún ẹgbẹ́ kékeré ti ilé-ìwé, lẹ́yìn náà fún ẹgbẹ́ àgbà. Ní ìgbà kan rí, àwọn tí ó dára jù láti oríṣiríṣi ilé-ìwé ni a ń ṣà jọ sínú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Academicals, tí wọ́n ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ghana figagbága. Lóde òní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ jákèjádò Nàìjíríà wà fún àwọn tí kò ju ọdún 15 lọ. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kan náà yóò tún bọ́ bàtà rẹ̀, yóò gbá mọ́ńkì-póòsì ní àdúgbò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Olùkọ́ kíláàsì mọ apá kan, gémù másítà mọ apá kan, kóòṣì àdúgbò mọ apá tirẹ̀. Ara kan ṣoṣo ni ó ń ru gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tí ń ṣe òfin eré ilé-ìwé kárí ayé sábà máa ń wò: ọjọ́-orí ọmọ, kíláàsì tí ó wà, àti iye eré tí ó ti gbá. Èyí tí ó le jù láàrin wọn ní ilẹ̀ Yorùbá ni ti ọjọ́-orí.

Àwọn tí ó ń ra ìrẹsì ní Ọ̀yìngbò mọ̀ pé bí a bá ti lu ìdí kọ́ńgò wọnú, iye owó tí a dá lé e kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ọjọ́-orí ni kọ́ńgò eré àwọn ọmọdé. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ òbí ni kò ní ìwé ọjọ́-ìbí ọmọ lọ́wọ́. Olùkọ́ a ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá; bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó tó ẹni tí ń wọ ilé-ìwé. Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn a wọlé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí apá rẹ̀ kúrú a padà sílé. Kì í ṣe pé olùkọ́ náà gọ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi wọn nǹkan, ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè ara ni ó wọ̀n, kì í ṣe ọdún. Àṣìṣe kan náà ni ó wọ inú bọ́ọ̀lù: a wo gíga, a wo irùngbọ̀n, a wo ohùn, a sì sọ pé ọmọ náà ti dàgbà tàbí kò tí ì dàgbà.

Òfin ọdún 1992 ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di ọ̀ranyàn ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ kò tí ì tán pé kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí lọ sí kóòtù lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, kí ó búra sí ọjọ́-orí ọmọ. Ìwé ìbúra bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà á ní ọ̀sẹ̀ tí ìdíje ku ọ̀la, ó yẹ kí olùkọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí a fi gbà á.

Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè fà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní ọdún 1989, FIFA rí i pé ọjọ́-ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà mẹ́ta nínú ìdíje Olympics ọdún 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ fún àwọn kan náà nínú ìdíje tí ó ṣáájú. A fi òfin de Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tí Nàìjíríà ń múra láti gbàlejò rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Portugal. Mexico ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1988 nítorí àwọn tí ọjọ́-orí wọn ju ti ìdíje lọ, ìyà náà sì kan ikọ̀ àgbà wọn tí kò mọ̀dí: wọn kò lè kópa nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1990. Kí olùkọ́ fiyè sí bí a ti mọ ti Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó wo eyín àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Ìwé méjì ni a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá gbá ní ipele méjì ti fi ìwé méjì sílẹ̀, ìwé méjì kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ ti wà pẹ̀lú. Nínú ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, tí Nàìjíríà gbàlejò rẹ̀ ní ọdún 2009, FIFA lo ẹ̀rọ MRI láti wo ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nítòsí oríkèé ọrùn-ọwọ́ ni ibi rírọ̀ kan wà tí eegun ti ń gùn. Bí ibẹ̀ bá ti le tí ó sì ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ eegun pátápátá, ó ṣòro kí ẹni náà ṣì wà lábẹ́ ọdún 17. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò lè ya ọmọ ọdún 13 sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ọdún 15, nítorí pé ibi rírọ̀ náà ṣì wà lára àwọn méjèèjì. Iye tí ó ń ná ènìyàn sì ju agbára ilé-ìwé lọ. Ilé-ìwé tí ó bá ń dúró de ẹ̀rọ kò ní ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ tí a fi pín ọjọ́-orí pàápàá ní àbùkù tirẹ̀. Bí òfin bá ka ọdún láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní, ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù náà àti èyí tí a bí ní òpin oṣù Kejìlá jẹ́ ẹgbẹ́ lójú òfin, bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàrin wọn. Ní ọdún 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Canada fi hàn pé àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ ju àwọn tí a bí ní òpin rẹ̀ lọ fíìfíì nínú ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́ orí yìnyín tí ó dára jù ní ilẹ̀ náà. A ti rí irú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, nígbà tí gémù másítà bá ní ọmọ kan ní ẹ̀bùn débi tí ó fi yẹ kí ó gòkè, ó dára kí ó wo oṣù tí a bí i. Ó lè jẹ́ pé oṣù mẹ́wàá ni ẹ̀bùn náà.

Ti kíláàsì rọrùn ju ti ọjọ́-orí lọ, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ọdún 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta ni JSS, ọdún mẹ́ta ni SSS, òfin sì lè sọ pé JSS ni ẹgbẹ́ kékeré, SSS ni ẹgbẹ́ àgbà. Ìwé orúkọ kíláàsì wà, kò sí ìyà ọmọ tí yóò lọ búra sí i ní kóòtù. Àbùkù tirẹ̀ ni ọmọ tí ó ń tún kíláàsì ṣe lọ́dọọdún nítorí bọ́ọ̀lù, àti àwọn tí a ń pè ní mẹ́sínárì, tí orúkọ wọn ń wọ ìwé ilé-ìwé ní sáà ìdíje, tí wọ́n sì ń pòórá bí ìdíje bá ti parí. Òfin kíláàsì láìsí òfin ọjọ́-orí ń ṣí ilẹ̀kùn fún àgbàlagbà láti jókòó láàrin ọmọdé. Nítorí ìdí èyí ni ọ̀pọ̀ ibi fi ń lo méjèèjì pọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ New York, fún àpẹẹrẹ, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 19 kí oṣù Keje tó bẹ̀rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣeré fún ilé-ìwé girama ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀lé e, kíláàsì yòówù tí ó wà.

Iye eré ni ọ̀rọ̀ wa gan-an wà. Ká ní ọmọ kan wà ní JSS 2, ọmọ ọdún 13, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ àgbà fi mú un. Wọ́n ń lò ó ní ìṣẹ́jú ogún tí ó kẹ́yìn eré. Ẹgbẹ́ kékeré ń bá ìdíje tiwọn lọ láìsí i, ọmọ mìíràn ń gbá ipò rẹ̀, wọ́n sì ń borí díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé àṣekágbá. Ní ọjọ́ àṣekágbá, olùkọ́ wọn ránṣẹ́ pe ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì padà. Ó dé, ó gbá góòlù méjì wọlé, wọ́n gba ife. Ìlù ń dún, eruku ń sọ. Inú gbogbo ènìyàn ni ó dùn àfi inú ọmọ tí ó ti gbá gbogbo eré tí ó ṣáájú, tí a sì ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá wò ó.

Ọmọ yìí kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Kò ní kọ ìwé ẹ̀sùn. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, kò kàn ní wá sí ìgbáradì mọ́ ni. Níbẹ̀ ni ilé-ìwé ti di ọjà Ọ̀yìngbò, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá.

Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ òfin fi ń fi ọwọ́ rírọ̀ mú gígòkè, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ líle mú sísọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí ó gòkè ń lọ bá àwọn tí ó jù ú lọ, òun ni ó fi ara rẹ̀ wewu. Ọmọ tí ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti bá àgbà gbá ń lọ bá àwọn tí kò ní ìrírí tó o, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀: ẹni tí ó gba ipò rẹ̀, àti ilé-ìwé kejì tí ó kó ọmọ kéékèèké wá ní tòótọ́. Àwọn òfin kan kò gba ìpadàbọ̀ rárá ní sáà kan náà. Àwọn mìíràn ń ka iye eré: bí ọmọ bá ti gbá iye kan fún ẹgbẹ́ àgbà, ọ̀nà ti dí lẹ́yìn rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, apá mẹ́rin tí a pín eré sí ni wọ́n ń kà, kí ọmọ má baà gbá ju iye kan lọ ní ọjọ́ kan bí ó tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ méjì. FIFA kò ka irú èyí. Ọjọ́-ìbí nìkan ni ó ń wò, ẹni tí ó ti bá ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbá ṣì lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá. Ṣùgbọ́n ìdíje orílẹ̀-èdè kì í wáyé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, FIFA kò sì ní kíláàsì tí ó ń kọ́. Ohun tí ó bá a mu kò fi dandan bá ilé-ìwé mu.

Láàrin gbogbo rẹ̀, kíka iye eré ni ó dára jù fún ilé-ìwé wa. Dídí ọ̀nà pátápátá ń mú kí olùkọ́ bẹ̀rù láti dán ọmọ wò lókè, nítorí pé bí kò bá tó, ó ti pàdánù ibi méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí iye náà kéré, bí eré méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀nà ìpadàbọ̀ sì dí láti ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá.

Ti ara wá kù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ara rẹ̀ pàápàá kò sì tí ì gbó tó ti àgbà. Ní nǹkan bí ọdún 13 sí 14 ni ọmọkùnrin sábà máa ń ga jù láàrin ọdún kan. Ti ọmọbìnrin ń ṣáájú ní nǹkan bí ọdún méjì. Ní àkókò yìí, eegun ń gùn ju bí iṣan ti ń tẹ̀lé e lọ. Iṣan a fà le ní ibi tí ó ti so mọ́ eegun rírọ̀, ní ìsàlẹ̀ orúnkún níwájú àti ní gìgísẹ̀. Ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí tiro, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù, ìsinmi náà sì ni ẹgbẹ́ méjì kò fún un. Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gba ìlú kọ̀ọ̀kan láyè láti dín àkókò eré, ìwọ̀n pápá àti bọ́ọ̀lù kù fún àwọn ọmọdé. Ọmọ tí ó gòkè ti fi gbogbo ìdínkù yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ England, ẹni tí kò tí ì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ gbá nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn àgbàlagbà, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó.

Ìyá tí ó ń ta ata ní Ọ̀yìngbò, tí ọmọ rẹ̀ ń tiro bọ̀ láti ibùdókọ̀, kò nílò ìwé ìṣègùn kí ó tó mọ èyí. Ó lè lọ bá olùkọ́ ní ọ̀nà ẹnu ibodè.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ wo gan-an ni ọmọ mi wà? Lánàá, ó ní eré àwọn kékeré ni. Lónìí, ó ní eré àwọn ẹ̀gbọ́n ni.”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún un. Méjèèjì ni ó ń gbá.”

“Mo dúpẹ́, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mélòó ni Ọlọ́run fún un?”

Ìbéèrè yìí ni New York ti gbìyànjú láti dáhùn nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní Athletic Placement Process. Bí ọmọ kíláàsì keje tàbí ìkẹjọ bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ ilé-ìwé girama ṣeré, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Dókítà ilé-ìwé yóò wo bí ara rẹ̀ ti dàgbà sí, kì í ṣe gíga rẹ̀ nìkan. Wọn yóò dán agbára àti ìmí rẹ̀ wò, kóòṣì yóò sì kọ ohun tí ó rò nípa ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó lọ bá àwọn yòókù du ipò. Ìlànà náà sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ lò ó láti fi dí àlàfo nínú ẹgbẹ́ tí kò pé, tàbí láti fi san ẹ̀san fún ọmọ. Gbólóhùn yẹn wúlò fún Èkó ju ìdánwò ìmí lọ. Nígbà tí ilé-ìwé bá mú ọmọ kékeré gòkè nítorí pé àgbà kan ṣàìsàn, kì í ṣe ọmọ náà ni wọ́n ń rò, ẹgbẹ́ ni.

Ilé-ìwé tí kò ní dókítà lè ṣe apá tí agbára rẹ̀ ká. Lẹ́tà sí òbí kò gbówó lórí, bí a bá sì mọ̀ pé Yorùbá ni ìyá ọmọ ń kà, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìwé kan náà tún yẹ kí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe lọ́wọ́ kóòṣì méjì: orúkọ ọmọ, ọjọ́-ìbí rẹ̀ bí ó ti wà ní ọjọ́ tí ó wọ ilé-ìwé, kíláàsì rẹ̀, ọjọ́ eré kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tí ó gbá fún, àti ìṣẹ́jú tí ó lò lórí pápá. Olùkọ́ ìṣirò lè bójú tó o dáadáa ju gémù másítà lọ, nítorí pé kò ní ife kankan tí ó ń wá. Níbi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹnikẹ́ni lè rí i pé ọmọ kan ti gbá ìṣẹ́jú 160 láàrin ọjọ́ mẹ́ta, àríyànjiyàn á sì tán.

Fún àwọn ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ náà gba ìrònú mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àwọn tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù láàrin wọn kò tó fún ẹgbẹ́ méjì, nítorí náà ọmọ JSS 1 àti ọmọ SS 3 ń wọ aṣọ kan náà. Bí a bá fi òfin ọkùnrin de wọn, ẹgbẹ́ yóò tú ká. Níbẹ̀, ìṣẹ́jú ni ó yẹ kí a dín kù fún àwọn kékeré, kí a má ṣe lé wọn.

Ìṣòro kan kù tí ó jẹ́ ti Èkó gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó, a ti ya jùníọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára sínọ̀: ọgbà kan, ọ̀gá ilé-ìwé méjì, ìwé orúkọ méjì. Ọmọ JSS 3 tí ó bá rékọjá lọ gbá fún sínọ̀ kò gòkè nínú ilé-ìwé rẹ̀ mọ́ lójú ìwé. Ó ti lọ gbá fún ilé-ìwé mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbáradì wọn jẹ́ lórí pápá kan náà, tí wọ́n sì ń jọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá kan náà. Ilé-ìwé tí wọ́n bá borí lè fi ẹjọ́ sùn pé kì í ṣe ọmọ wọn, ẹjọ́ náà kò sì ní jẹ́ irọ́. Bí àwọn tí ń ṣètò ìdíje bá fẹ́ gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyè, kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìdíje kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá méjèèjì fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀, kí ọjọ́-ìbí tí ó wà nínú ìwé jùníọ̀ sì jẹ́ èyí tí a óò rí nínú ìwé sínọ̀.